Ọ̀fun tó ń sọ̀rọ̀ náà ló ń kọrin

Fi ìka méjì lé gògóńgò rẹ, kí o pe "s", kí o sì fà á gùn. Kò sí ohun tí ìka rẹ máa mọ̀ lára. Wàyí o, pa ètè méjèèjì dé, kí o máa kùn "m" lọ. Ó ń gbọ̀n, àbí? Gbígbọ̀n yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí. Òun la fi ń pe ọmọ lórúkọ, òun la fi ń ki oríkì, òun la fi ń bú ara wa ní ìdíkọ̀, òun náà la sì ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Láti kékeré ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, nígbà tí ohùn mi ṣì ń bá ti àwọn obìnrin gòkè, títí ó fi wálẹ̀ tí wọ́n fi tì mí sọ́dọ̀ àwọn tẹ́nọ̀. Ọ̀gá akọrin wa ní gbólóhùn kan tí kò lè ṣe kó má sọ: "Ẹ má fi ọ̀fun kọrin. Inú ni kẹ́ ẹ ti gbé e wá." A ó ní "Ẹ ṣé, sà," a ó sì tún máa bá ohun tí à ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Kò ṣàlàyé rí, àwa náà kò sì bi í. Nígbà tó yá tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀ náà fúnra mi, mo rí i pé òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán.

Afẹ́fẹ́ ni "inú" tó ń wí. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan, afẹ́fẹ́ tó ń fà sínú lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bí ìdajì lítà lọ, àkókò tó fi ń mí sínú àti èyí tó fi ń mí síta kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Bó bá ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ báyìí, ètò yẹn yí padà. Yóò já afẹ́fẹ́ gbà wéré, yóò wá máa ná an díẹ̀díẹ̀ títí gbólóhùn rẹ̀ yóò fi parí. Ti akọrin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orin kì í dúró de ẹni tí èémí rẹ̀ tán. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó ń wọ ikùn o. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni gbogbo rẹ̀ wà. Iṣẹ́ tí iṣan ikùn àti ti ìhà ń ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró sọ̀ wàì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ọ̀gá ń pè ní kíkọrin láti inú nìyẹn: mímọ èémí ná.

Ọ̀fun, tó ní ká má lò, ni ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ti gidi. Lórí kòmóòkun, ìyẹn ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, nínú gògóńgò, ni ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wa ń pè ní tán-án-ná wà. Ọ̀pọ̀ rò pé okùn tín-ín-rín bíi ti gìtá ni. Kì í ṣe okùn. Ẹran méjì ni, wọ́n kọjú síra, àlàfo sì wà láàárín wọn. Ti ọkùnrin lè gùn tó mílímítà 25, ti obìnrin kì í sábà ju nǹkan bí 17 lọ. Ní 1974, dókítà ará Japan kan tó ń jẹ́ Minoru Hirano fi hàn pé ìpele ìpele ni wọ́n tò ó: awọ rírọ̀ lókè, iṣan tó le nísàlẹ̀, ìyẹn ni awọ òkè ṣe lè máa mì lé iṣan lórí láìjẹ́ pé iṣan fúnra rẹ̀ bá a mì tó bẹ́ẹ̀. Ìkókó kò ní ìpele wọ̀nyí nígbà tí a bí i. Bó ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń yọ, ó sì tó ìgbà tó bá bàlàgà kí wọ́n tó pé.

Orin kọ́ sì ni Ẹlẹ́dàá kọ́kọ́ tìtorí rẹ̀ fi wọ́n síbẹ̀. Olùṣọ́nà ni wọ́n. Bí oúnjẹ bá fẹ́ pá ọ lórí, àwọn ló ń sáré tilẹ̀kùn kí ẹyọ ìrẹsì kan má baà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí o bá fẹ́ gbé àpò gààrí ńlá, àwọn náà ló ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọ láyà kí àyà lè le. "Hùn!" tí alábàárù máa ń ṣe nígbà tí ẹrù bá dé orí rẹ̀, ìlẹ̀kùn náà ló ṣí. Ọ̀rọ̀ àti orin, ẹ̀yìn ni wọ́n dé.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí tán-án-ná níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́fun ẹni tó ń kọrin, tó sì ròyìn rẹ̀ yé àwọn èèyàn, kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ orin ni, Manuel García, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì. Ní 1854, ní Paris, ó ra dígí kékeré tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò, ó tì í bọ ẹ̀yìn ọ̀fun ara rẹ̀, ó fi dígí mìíràn darí ìtànṣán oòrùn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohùn ara rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n ka ìròyìn ohun tó rí fún ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó pé ọmọ ọdún 101 kó tó kú. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó bá ní sùúrù láti fi dígí há ara rẹ̀ lọ́fun láìbì, ó tọ́ kó pẹ́ láyé.

Báwo ló ṣe ń gbọ̀n? Àwọn kan ti sọ rí pé ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbọ̀n kan, àṣẹ kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Netherlands kan, Janwillem van den Berg, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1958 lọ́nà tí ọ̀pọ̀ wá gbà. Ọpọlọ kàn ń sún àwọn ẹran méjèèjì mọ́ra ni. Afẹ́fẹ́ á tì wọ́n láti ìsàlẹ̀ títí wọn yóò fi là, yóò gba àárín wọn yọ, bí ó sì ṣe ń sáré kọjá ni agbára tó fi ń tì wọ́n ń dín kù, tí wọ́n á padà lẹ̀ mọ́ra, tí yóò tún tì wọ́n. Ní ohùn ọ̀rọ̀ lásán, ó ń ṣẹlẹ̀ nǹkan bí ìgbà 100 sí 130 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ọkùnrin, nǹkan bí 200 fún obìnrin. Sópúránò, obìnrin tó ń kọ ohùn tó ga jù nínú ẹgbẹ́ akọrin, bó bá gun òkè téńté, ń ju 1,000 lọ. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ kan: olùkọ́ obìnrin tí ohùn rẹ̀ bá dún fún wákàtí kan péré, tán-án-ná rẹ̀ ti pàdé ara wọn ní ìgbà 720,000. Ẹ wá rò ó wò, lójú kíláàsì tó ní àádọ́ta ọmọ àti páànù tí òjò ń rọ̀ sí.

Bí a bá fẹ́ kí ohùn lọ sókè, iṣan kékeré kan níwájú gògóńgò á fa tán-án-ná gùn, á fẹ́lẹ́, á le, á sì máa gbọ̀n yára. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ẹni tó bá ti rí onídùndún tó ń fi apá fún ọṣán mọ́ra ti rí i lójúkojú: awọ le, ohùn gòkè, awọ dẹ̀, ohùn sọ̀. Mo ṣì ń bọ̀ wá sórí dùndún.

Ohun tó ń jáde láti ẹnu tán-án-ná gan-an kò dùn, kò sì ní ìtumọ̀. Ìkùn lásán ni. Káà ọ̀fun, káà ẹnu àti káà imú ló ń sọ ọ́ di fáwẹ́lì. Mú ohùn kan ṣoṣo, má gbé e sókè, má sọ ọ́ kalẹ̀, kí o wá máa yí ẹnu padà: i, e, ẹ, a, ọ, o, u. Ọ̀fun kò yí nǹkan kan padà, ahọ́n àti ètè ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ẹnu bá ṣe rí ni yóò ṣe yan apá kan nínú ìkùn náà láti jẹ́ kó dún sókè, tí yóò sì pa apá mìíràn mọ́lẹ̀. Nígbà tí àfàsé, ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu, bá wálẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gba imú, "a" di "an". Àwa Yorùbá ní oríire kan nínú èyí: kò sí sílébù wa tó fi kọ́ńsónáǹtì parí. Fáwẹ́lì ló máa ń gbẹ̀yìn, tàbí kó jẹ́ "n" tàbí "m" tó dá dúró fúnra rẹ̀, bíi ti "ń lọ", tí a sì lè fà gùn bó bá ṣe wù wá. Èdè tó rọrùn fún akọrin ni, bí a bá yọwọ́ "gb" kúrò, tó ń ti ilẹ̀kùn ètè àti ti ẹ̀yìn ahọ́n pa lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohùn á sì há sáàárín.

Àwọn káà òkè tán-án-ná wọ̀nyí náà ló jẹ́ kí akọrin ọ́pẹrà lè borí ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè tó kún pèpéle láìlo máìkì. Johan Sundberg, onímọ̀ ohùn ní Stockholm, ló ṣàlàyé rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970. Agbára ohùn àwọn ohun èlò orin wọ̀nyẹn pọ̀ jù ní nǹkan bí ìgbọ̀n 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Akọrin náà á sọ gògóńgò kalẹ̀, á fún ibi tó wà lókè tán-án-ná gan-an, ohùn rẹ̀ á sì dún gan-an ní àyíká 3,000, níbi tí àwọn ohun èlò kò ti fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Kì í ṣe pé ó pariwo jù wọ́n lọ. Ó wá àyè tó ṣófo ni.

Àwọn tiwa kò gba ọ̀nà yẹn. Ẹ tẹ́tí sí àwọn oníwéré àtijọ́, àwọn tó ń jí wa ní sààrì nígbà ààwẹ̀, tí Síkírù Àyìndé Barrister ti inú iṣẹ́ wọn yọ fújì jáde. Ohùn wọn há díẹ̀, imú ń bẹ nínú rẹ̀, ó ń gun ó ń sọ̀ lórí fáwẹ́lì kan ṣoṣo, bí ìpè àdúrà láti orí mọ́ṣáláṣí. Ohùn tó ń la òkùnkùn kọjá ni, ó dé ilé kẹta kó tó rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ́pẹrà lọ, mi ò sì ní tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n òun náà lówó tó ń ná ọ̀fun.

Ariwo ìgboro ló burú jù. Dókítà Faransé kan, Étienne Lombard, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1911 pé bí ariwo bá yí èèyàn ká, ohùn rẹ̀ á gòkè fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ó rò ó. Ẹ dúró ní Ojúẹlẹ́gbà, ní Èkó, ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí ẹ gbọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, hóònù ń pariwo, òun náà ń fi tán-án-ná na ara wọn. Wọ́n á wú, wọn kò ní lè pàdé dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ á máa jò láàárín wọn, ohùn á sì há. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, kókó lè yọ ní àárín gbùngbùn wọn, níbi tí ìkọlù ti ń pọ̀ jù. Orógbó ni gbogbo wa máa ń sáré wá. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orógbó, èmi náà ń jẹ ẹ́ kí n tó dìde kọrin. Àmọ́ ohun tí a bá gbé mì kì í kan tán-án-ná. Bó bá kàn án, ikọ́ ni yóò fi lé e jáde. Omi tí a bá mu kó tó di ọjọ́ orin ló ń bá a ṣe é láti inú ara, àti ìsinmi, tí kò sí kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ní in. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá há lọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló yẹ kó gbà lọ.

Ó yá, dùndún. Gbígbọ̀n tó ń ti ọ̀fun wá àti ẹnu tó ń gé e sí ọ̀rọ̀, ohun méjì ni, kálukú ló dá dúró. Ní èdè Yorùbá, a lè mú ọ̀kan kúrò ká wo ohun tó ṣẹ́kù, kò sì gba yàrá ìwádìí kankan.

Bí o bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tán-án-ná rẹ kò gbọ̀n rárá. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń kọjá, ẹnu sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Fáwẹ́lì pé, kọ́ńsónáǹtì pé, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Sọ wúyẹ́ sí ẹnìkan létí lọ́kọ̀ọ̀kan: igbá, igba, ìgbà, ìgbá. Ní kó sọ èyí tí o pè. Ó máa ṣòro fún un. Síbẹ̀, a ń fi wúyẹ́wúyẹ́ ṣòfófó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òfófó sì ń dé ibi tó ń lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Dùndún ní ìdà kejì. Ó ní gbígbọ̀n, ó ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kò ní ẹnu. Kò lè pe "a" yàtọ̀ sí "i", kò lè pe "b". Létí ẹni tó ń gbọ́ ìlù, "Ọlọ́run" àti "Olúwa" kò yàtọ̀ rárá: àárín, òkè, àárín. Ìdí nìyẹn tí àyàn kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá èèyàn sọ̀rọ̀. Oríkì ni yóò fi kì ọ́, tàbí òwe tí gbogbo ìlú mọ̀, kí gígùn rẹ̀ lè dí àyè tí fáwẹ́lì fi sílẹ̀. Àwọn baba wa ti pín ohùn sí méjì tipẹ́, wọ́n gbé ìdajì kan fún alùlù.

Ohun tó wá mú mi dúró ronú ni pé iṣan tí akọrin fi ń gbé orin gòkè náà ni Yorùbá fi ń sọ pé "igba" ni òun wí, kì í ṣe "igbá". Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ohùn orin èyíkéyìí. Ọ̀rọ̀ náà kò ní di ọ̀rọ̀ mìíràn. Tiwa, ọ̀rọ̀ ti gba ilẹ̀ náà kí orin tó dé.

Orin ṣì ní òmìnira díẹ̀. Ohùn òkè kì í ṣe ibì kan pàtó. Ti ọmọdé, ti ìyá rẹ̀, ti bàbá àgbà, kò sí èyí tó dọ́gba, síbẹ̀ gbogbo wọn ni à ń gbọ́ bí òkè. Bí ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá sì ń tẹ̀lé ara wọn nínú gbólóhùn gígùn, gbogbo rẹ̀ á máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí òkè ti ìparí fi lè má ga tó àárín ti ìbẹ̀rẹ̀. Etí kò bìkítà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni etí fi ń wọn ẹnìkejì. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá gòkè tí orin gòkè, a gbọ́ ara wa yé, bó ti wù kí ìgbésẹ̀ náà gùn tó. Ohun tí orin ń gbà lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ni yíyọ̀. Nígbà tí mo bá sọ "ìwé" lásán, sílébù kejì kì í fò sókè, ńṣe ló ń yọ̀ gun òkè. Nígbà tí mo bá sọ "rárà", ìkejì ń yọ̀ wálẹ̀. Orin kò fẹ́ yíyọ̀. Ó fẹ́ kí ohùn dúró lórí fáwẹ́lì kí a lè bá a dúró.

Láàárín yíyọ̀ àti dídúró yìí ni ìjálá, ẹ̀sà, rárà àti ìyẹ̀rẹ̀ wà. Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán, wọn kì í sì í ṣe orin tí ìjọ lè gbè. Adébóyè Babalọlá, tó kó ìjálá jọ sínú ìwé ní 1966, fi hàn pé ọ̀nà tí a gbà ń lo ohùn wà lára ohun tí a fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan. Òótọ́ ni. Bí ọdẹ bá la ẹnu, kó tó dárúkọ Ògún, mo ti mọ̀. Ìyá àgbà mi, tí wọ́n bí ní apá Ọ̀yọ́, a máa sun ẹkún ìyàwó nídìí ààrò nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, ohùn rẹ̀ á sì máa gbọ̀n lórí gbígbọ̀n, bíi ti ẹni tí omijé fẹ́ já bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ ló ń rò. Gbogbo ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ wà ní àyè wọn. Egúngún ní tirẹ̀ á fún ọ̀fun pọ̀ títí ohùn rẹ̀ kò fi ní jọ ti ará ayé mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣì yé wa.

Ilé Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ àti orin ti kọ́kọ́ kọlu ara wọn gidi. Àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ Church Missionary Society ti ìjọ Áńgílíkà, tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846. Wọ́n túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ohùn orin tí wọ́n gbé wá láti ilé. Níbi tí orin bá ti jábọ́ ní sílébù tó kẹ́yìn, Ọlọ́run di ọlọ́rùn, ẹni tó ní ọrùn. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, bàbá bàbá Fẹlá, wà lára àwọn tó wá fúnra wọn ṣe orin tó tẹ̀lé bí ẹnu wa ṣe ń sọ ọ́. Ní 1922 ó kọ orin rẹ̀ sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó wà nídìí dùùrù Kàtídírà ní Marina, Èkó, láti 1914 di 1962, kọ ìwé lé e lórí ní 1953. Ọ̀rọ̀ tó dun èmi jù níbẹ̀ ni ti ohùn mẹ́rin tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ pọ̀: sópúránò, áltò, tẹ́nọ̀ àti básì. Ká ní sópúránò ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ déédéé. Bí básì bá ń lọ sí ìsàlẹ̀ nígbà tí sópúránò ń gòkè, bí tẹ́nọ̀ bá dúró sójú kan, sópúránò nìkan ló ń sọ Yorùbá. Ìyẹn ni pé èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń sọ isọkúsọ níwájú pẹpẹ láti ọjọ́ tí ohùn wa ti wálẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ọ̀kan nínú àwọn màmá áltò wa lẹ́yìn ìdánrawò. Mo ní, "Màmá, ohun tí à ń kọ yìí, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé là ń sọ o." Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún náà mọ̀ ọ́n." Mo dọ̀bálẹ̀. Orin tí àwọn òbí wọn kọ sin òkú, tí wọ́n kọ gbé ìyàwó, n kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn nítorí tán-án-ná.

Orin tuntun ni mo wá gbájú mọ́. Èyí tí a fẹ́ kọ́ fún ìkórè, mo ti bẹ ọ̀gá pé ká kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde lẹ́nu bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kí ọmọkùnrin tó ń lu gángan fún wa fi ìlù sọ ọ́ ká gbọ́, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sídìí dùùrù. Ọ̀gá ní òun á rò ó.